Bí A Ṣe Ń Kọ̀wé sí Gúrúùpù Ímeèlì Tí Kò Fi Ní Di Ìjà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ tá a fẹ́ ṣe nínú fídíò yìí lónìí kò le, àmọ́ mo ti rí i kó dá ọ̀rẹ́ ogún ọdún sí méjì: bí èèyàn ṣe ń kọ lẹ́tà sí gúrúùpù ímeèlì, ìyẹn àdírẹ́sì kan ṣoṣo tí lẹ́tà tẹ́ ẹ bá kọ sí i ń lọ bá gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ímeèlì ni mo wí o, kì í ṣe WhatsApp. Ẹ má bi mí pé ta ló tún ń lo ìyẹn. Wọ́n pọ̀. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn wà ní Ìbàdàn, ní London, ní Houston, ímeèlì ni wọ́n ṣì fi ń kó ara wọn jọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tóyìn Fálọlá, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Texas ní Austin, ló ń bójú tó USA-Africa Dialogue Series. Orí Google Groups ló wà, ibẹ̀ sì ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn tó ń ṣe Linux gan-an, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, orí ímeèlì ni wọ́n ti ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò.

Èmi ni ádímínì gúrúùpù ẹgbẹ́ ilé-ìwé wa. Yahoo Groups la wà tẹ́lẹ̀, ká tó kó lọ sọ́dọ̀ Google. Yahoo ti ti tiwọn pa látòpin ọdún 2020. Mo ti bá wọn parí ìjà lórí gúrúùpù yẹn, ohun tí mo sì rí ni pé púpọ̀ nínú ìjà ọ̀hún kì í ṣe ti inú burúkú. Bọ́tìnì ló ń fà á. Ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀ sétí ẹnì kejì, ó sọ ọ́ sétí irínwó èèyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká mọ bọ́tìnì lákọ̀ọ́kọ́, ká tó máa sọ ti ìwà.

Ojú Gmail lórí láàpútọ́ọ̀pù lẹ̀ ń wò yìí. Tẹ́ ẹ bá ń lo fóònù, ibi púpọ̀ nínú ẹ̀ náà ni.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó wà nílẹ̀. Ní 1995, obìnrin kan tó ń jẹ́ Sally Hambridge, òṣìṣẹ́ Intel, ṣàkójọ ìlànà ìwà ọmọlúàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. RFC 1855 ni nọ́ńbà ìwé náà. Ó ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ gúrúùpù máa ka ọ̀rọ̀ àwọn tó bá níbẹ̀ fún oṣù kan sí méjì, kó tó la ẹnu. Lójú tèmi, oṣù méjì ti pọ̀ jù. Ọ̀sẹ̀ kan tó, bẹ́ ẹ bá ń ka àwọn lẹ́tà àtẹ̀yìnwá pẹ̀lú.

Ẹ wò ó. Mo wọ groups.google.com, mo tẹ orúkọ gúrúùpù wa. Gbogbo lẹ́tà ló tò sílẹ̀ yìí. Àpótí tí a fi ń wá nǹkan ló wà lókè yẹn. Mo kọ "owó ẹgbẹ́" síbẹ̀... ẹ ò rí i? Lẹ́tà akápò nìyí, iye tá a ń san àti báńkì tá a ń san án sí ló wà nínú ẹ̀. (Mo ti fi nǹkan bo nọ́ńbà àkáǹtì, ẹ má wulẹ̀ fẹjú.) Ẹni tó bá ṣe ohun tí mo ṣe yìí kò ní pe irínwó èèyàn jókòó láti bi wọ́n pé èló ni owó ẹgbẹ́.

Ohun kan tún wà. Àdírẹ́sì tẹ́ ẹ fi forúkọ sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi kọ̀wé. Tẹ́ ẹ bá fi Gmail wọlé, tẹ́ ẹ wá lọ fi ímeèlì ibi iṣẹ́ kọ̀wé, gúrúùpù ò mọ̀ yín. Lẹ́tà yín á padà, tàbí kó dúró síbì kan títí ádímínì á fi rí i. Ẹ má sọ pé wọ́n ń dènà yín nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú yín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká débi tí iná ti máa ń ràn.

Mo ti dá lẹ́tà kan sílẹ̀ fún fídíò yìí. Ẹ jẹ́ ká pe ẹni tó kọ ọ́ ní Bùnmi. Bùnmi kọ̀wé sí gúrúùpù pé òun ń wá dókítà eyín tó mọṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Mo mọ ọ̀kan, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ nípa owó tí dókítà yẹn ń gbà, Bùnmi nìkan ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ. Mo tẹ Reply. Ẹ dúró. Ẹ má tíì kọ ohunkóhun. Ẹ wo ìlà "To" tó wà lókè níbí. Ṣé orúkọ Bùnmi lẹ rí? Rárá. Àdírẹ́sì gúrúùpù ni!

Reply ni mo tẹ̀ o, mi ò tẹ Reply all. Bó ṣe máa ń rí ni pé ádímínì ló ń yan ibi tí èsì máa lọ. Gúrúùpù kan wà tí èsì máa ń lọ bá ẹni tó kọ lẹ́tà nìkan, òmíràn wà tí gbogbo èsì ń lọ bá gbogbo èèyàn. Torí náà orúkọ tí wọ́n kọ sára bọ́tìnì ò lè sọ fún yín ẹni tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀. "To" nìkan ló lè sọ ọ́. Mo pa àdírẹ́sì gúrúùpù rẹ́, mo fi ti Bùnmi síbẹ̀.

Ọgbọ́n tí èmi ń dá rèé: tí lẹ́tà bá ní ọ̀rọ̀ tó gbẹgẹ́ nínú, mo máa ń kọ́kọ́ pa gbogbo ohun tó wà nínú "To" rẹ́, kí n tó kọ lẹ́tà. Tí mo bá kọ ọ́ tán, tí mo kà á tán, ìgbà yẹn ni mo máa ń fi ẹni tó ni í sí i. Tí ọwọ́ mi bá ṣèèṣì kan Send láàárín, Gmail ò ní gbà, á ní òun ò rí ẹni tí òun máa gbé e fún.

Ẹ tún bá mi ṣe èyí báyìí, ẹ dá fídíò dúró kẹ́ ẹ ṣe é. Ẹ tẹ ohun tó rí bíi jíà lápá ọ̀tún lókè yìí, ẹ tẹ "See all settings". Ní General, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Undo Send" sí. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ló máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di 30, òun ló pọ̀ jù tí wọ́n gbà. Ẹ wá fà á lọ sísàlẹ̀ pátápátá, ẹ tẹ "Save Changes". Bẹ́ ò bá tẹ ìyẹn, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan. Láti òní lọ, tẹ́ ẹ bá ti fi lẹ́tà ránṣẹ́, Undo á wà nísàlẹ̀ fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ààbọ̀ ìṣẹ́jú ti tó kí ojú èèyàn là.

Ó kan àkòrí, ìyẹn "Subject". "Hello" kì í ṣe àkòrí. "URGENT" kì í ṣe àkòrí. "Good morning sirs and mas," àwọn àgbà ẹgbẹ́, mo kí yín o, àmọ́ kì í ṣe àkòrí. Ẹ wo bí mo ṣe kọ tèmi: "Ìpàdé Sátidé: a ti kúrò ní Bódìjà, a ti lọ sí Mọ́kọ́lá." Ẹni tí kò bá tiẹ̀ ṣí lẹ́tà náà ti mọ ibi tó ń lọ. Ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó ni kó ṣáájú, torí fóònù kì í fi àkòrí hàn tán.

Ohun tó burú jù níbi àkòrí, àìmọ̀ ni: ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tuntun á wá lẹ́tà àtijọ́ kan, á tẹ Reply, kó má bàa tún kọ àdírẹ́sì. Wọ́n ń kí ẹnì kan kú ọ̀fọ̀ ìyá, ibi tí wọ́n ti ń tù ú nínú lẹ́nì kan ti wọlé, tó ní ilẹ̀ méjì wà fún títà ní Mowé. Ó bọ́ sáàárín ẹkún. Àwọn kan á ní àwọn ti yí àkòrí padà. Ìyẹn ò tó. Nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àwọn ìlà kan wà tí a kì í rí, In-Reply-To àti References lorúkọ wọn. Nọ́ńbà lẹ́tà tẹ́ ẹ fèsì sí ló wà nínú wọn. Gmail máa ń ya lẹ́tà sọ́tọ̀ tí àkòrí bá yí padà, ṣùgbọ́n Thunderbird àtàwọn ètò ímeèlì míì ń tẹ̀ lé nọ́ńbà yẹn, abẹ́ ọ̀fọ̀ ni wọ́n sì máa to ilẹ̀ yín sí. Ọ̀rọ̀ tuntun, Compose ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Àdírẹ́sì gúrúùpù ò gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá fèsì sí lẹ́tà báyìí. Mo ṣí ọ̀kan, mo tẹ Reply. Ẹ wo àmì mẹ́ta kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ yẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀n-ẹ́n! Gbogbo lẹ́tà tí wọ́n ti ń kọ látọjọ́ Ajé ló wà lábẹ́ ibẹ̀, pẹ̀lú orúkọ, ipò àti nọ́ńbà fóònù olúkúlùkù. Gmail kàn ń fi pamọ́ fún yín ni. Ẹni tó ń fi dátà kékeré gba lẹ́tà ní abúlé, òun ló ń sanwó ẹ̀. Mo gé gbogbo ẹ̀ dànù, mo fi ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nìkan sílẹ̀, mo wá kọ èsì sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe máa rí nìyí:

> Ṣé Sátidé náà la ṣì máa ṣe é?
Bẹ́ẹ̀ ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

> Ta ló ń gbé kánópì wá?
Àwọn tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ti gbà á.

> Ṣé àwọn ọmọdé lè wá?
Rárá, lọ́tẹ̀ yìí.

Tí mo bá kàn kọ "bẹ́ẹ̀ ni" sókè, tí mo fi ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sísàlẹ̀, èwo ni bẹ́ẹ̀ ni ọ̀hún? Àwọn ará Linux ò gba kéèyàn kọ èsì sókè lẹ́tà rárá. Èmi ò le tó yẹn. Tó bá jẹ́ ìbéèrè kan ṣoṣo, ẹ kọ ọ́ síbi tó bá wù yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gba lẹ́tà ọjọ́ kan papọ̀ nínú ẹyọ kan, ẹ rọra o: Reply yín ń kó gbogbo lẹ́tà ọjọ́ náà padà wá, àkòrí tó sì máa gbé wá kò jọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ yí àkòrí, kẹ́ ẹ sì gé ìyókù.

Àwọn tó ti ń retí ibi tí mo máa ti bú àwọn tó ń kọ "Àmín", a ti débẹ̀.

Mi ò ní bú wọn. Ọmọ Yorùbá tó gbọ́ pé wọ́n bímọ tí kò kí, tó gbọ́ pé wọ́n ṣòfò tí kò dá wọn lóhùn, ohun tí wọ́n máa sọ nípa ẹ̀ lẹ́yìn kò dáa. Ẹni tó kọ Àmín yẹn, ojúṣe ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Irínwó la wà. Tí àádọ́ta nínú wa bá kọ Àmín, àádọ́ta lẹ́tà ló wọ inbox ẹnì kọ̀ọ̀kan. 20,000 lẹ́tà ló rìn nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Lábẹ́ àádọ́ta yẹn ni lẹ́tà akọ̀wé tó ní ìpàdé ti yí padà wà, ẹni tí kò rí i á lọ jókòó sí Bódìjà.

Ohun tí mo wá ń ṣe nìyí, ẹ̀yin ádímínì bíi tèmi lè bá mi dán an wò. Tí ọ̀fọ̀ tàbí ìnáwó bá ṣẹlẹ̀, lẹ́tà kan ni mo máa ń kọ jáde, màá béèrè lọ́wọ́ ẹni tọ́rọ̀ kàn bóyá kí n fi ímeèlì àti nọ́ńbà ẹ̀ sínú ẹ̀. Màá ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí wọn tààrà." Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, màá kọ̀wé kan ṣoṣo tí wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́. Kíkí tààrà yìí níyì ju ti gbangba lọ. Ẹni tẹ́ ẹ kọ̀wé sí lóun nìkan á dá yín lóhùn lórúkọ. Ẹni tí àádọ́ta Àmín dà lé lórí, kò mọ èyí tó jẹ́ tiyín.

Àmọ́ o, tí àgbà kan nínú ẹgbẹ́ bá papò dà, tẹ́ ẹ sì ní ìtàn nípa ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí gúrúùpù. Ẹ kọ ọ́ kó gùn. Bó ṣe bá yín san owó ìdánwò, bó ṣe nà yín tí ẹkún fi gbẹ lójú yín. Àwọn ọmọ ẹ̀ á béèrè fún un lẹ́yìn ọ̀la. Èyí kì í ṣe Àmín.

Tí àríyàńjiyàn bá dé ńkọ́? Lẹ́tà ò ní ojú, kò ní ohùn. Ẹ̀fẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń bá ẹlẹgbẹ́ yín ṣeré, tẹ́ ẹ̀ ń pè é ní "ọ̀dẹ̀" láti kíláàsì kejì, ẹni tó ṣe ilé-ìwé ṣáájú yín lọ́dún mẹ́wàá ń kà á, ìyàwó ọ̀gbẹ́ni náà lè máa kà á lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ lo "ẹ" fún gbogbo èèyàn lórí gúrúùpù, àní fún ẹni tẹ́ ẹ jọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì alájà méjì nílé-ìwé. Kò ní pa yín lára. Ẹ má fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo ọ̀rọ̀; ariwo ni gbogbo ayé kà á sí.

Ẹ jẹ́ ká fi méjì wéra. Ẹ̀gbọ́n kan kọ̀wé pé owó ẹgbẹ́ ò pé. Ẹnì kan fèsì: "Ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ, sir." Ó fi "sir" sí i, ó rò pé òun ti bọ̀wọ̀. Ẹ wá wo ti ẹnì kejì: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àfojúsí. Mo rí ibi tẹ́ ẹ ti ní owó kù, àmọ́ nínú ìròyìn akápò ti oṣù Kẹta, ojú ewé kejì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé apá kan ti lọ fún òrùlé ilé-ìkàwé. Tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò." Àwọn méjèèjì sọ pé ẹ̀gbọ́n ṣìnà. Èkejì fi ojú ewé hàn án, ó sì fún ẹ̀gbọ́n lọ́nà tó lè gbà padà láìdójú tì í. Ìwé Hambridge tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní tí inú bá ń bí yín, kẹ́ ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́ kẹ́ ẹ tó fi èsì ránṣẹ́. Ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ fi sí Drafts, kẹ́ ẹ lọ sùn. Àmọ́ ẹ rántí "To" o, ẹ jẹ́ kó ṣófo.

Lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí yín nìkan, ẹ má gbé e wá sí gúrúùpù láìgbàṣẹ, ì báà ṣe pé òun ló máa dá yín láre. Èyí nìkan ni mo máa ń torí ẹ̀ lé èèyàn jáde.

Fáìlì. Gmail ò gba ju 25MB lọ nínú lẹ́tà kan. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, á sọ ọ́ di líǹkì Google Drive. Fọ́tò àpèjẹ, orí Drive ni kẹ́ ẹ kúkú kó o sí, kẹ́ ẹ fi líǹkì ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tẹ Share, kẹ́ ẹ yí i sí "Anyone with the link", àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo èèyàn á máa tọrọ àyè lọ́wọ́ yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi àmì sórí Yorùbá yín, mo kan sáárá sí yín. Ẹ má gbà fún ẹni tó ní ímeèlì ò gba àmì. Nígbà kan rí, lóòótọ́, ẹ̀rọ ò mọ̀ ju lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lọ, "ọ" á sì di àmì ìbéèrè. Láyé Unicode yìí, ìyẹn ìlànà tó jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ lẹ́tà èdè gbogbo, bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ ló ń dé. Lórí fóònù, ẹ fi Yorùbá kún Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google. Ohun tó ń da àmì rú ni kéèyàn lọ ṣí ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi fọ́ǹtì àdáni tẹ̀, kó wá gbé e sínú lẹ́tà. Fọ́ǹtì yẹn ò sí lọ́dọ̀ ẹni tó máa kà á. Ẹ tún un tẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ń gbé ọ̀rọ̀ wá látibòmíràn, Ctrl, Shift àti V ni kẹ́ ẹ tẹ̀ pọ̀, á bọ́ gbogbo àwọ̀ àràmàǹdà kúrò lára ẹ̀.

Orúkọ tẹ́ ẹ fi ń parí lẹ́tà, kó má ju ìlà mẹ́rin lọ. Olóyè, a mọ̀ pé olóyè ni yín.

Ó ku bí a ṣe ń jáde. Tí gúrúùpù bá ti sú yín, ẹ má kọ "Please remove me" sí gbogbo èèyàn. Ní 1997, ní Microsoft fúnra wọn, ẹnì kan kọ irú ẹ̀ sí gúrúùpù kan tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ wà lórí ẹ̀. Àwọn kan fèsì pé "èmi náà", àwọn míì ń fi Reply all bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dẹ́kun Reply all, títí ẹ̀rọ ímeèlì ilé-iṣẹ́ náà fi dojú dé. Bedlam DL3 ni wọ́n ń pe gúrúùpù yẹn. Ní oṣù Kọkànlá 2016, ó tún ṣẹlẹ̀ ní NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba ní England, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà wa pọ̀ sí: lẹ́tà ìdánwò kan lọ bá nǹkan bí 840,000 èèyàn, àwọn tó ń fèsì pé kí wọ́n yọ àwọn kúrò ló jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ dì pa.

Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí. Ẹ tẹ Compose. Ní "To", ẹ kọ orúkọ gúrúùpù, ẹ fi àmì +unsubscribe lé e, kẹ́ ẹ wá fi @googlegroups.com parí ẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà yìí. Kò sí àlàfo láàárín. Ẹ má kọ nǹkan kan sínú lẹ́tà náà. Àdírẹ́sì tẹ́ ẹ fi wọlé ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe ti ibi iṣẹ́. Tí wọ́n bá dá lẹ́tà padà pé kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, ẹ fọwọ́ sí i. Tí kò bá dé, ẹ wo inú Spam.